Ààbọ̀ Ọ̀nà Tó Gba Gbogbo Ènìyàn

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bí 60,000 ènìyàn máa ń tò sójú títì márosẹ̀ kan nínú ìlú Newcastle, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè sáré gba orí afárá odò Tyne lọ sí South Shields létí òkun. Great North Run ni wọ́n ń pe ìje náà. Kìlómítà 21 àti díẹ̀ ni gígùn rẹ̀, èyí tó jẹ́ ààbọ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní marathon. Bí a bá yọ àwọn díẹ̀ tó wá du ipò àti owó kúrò, kò sí èyí tó ń retí ipò kìíní nínú èrò náà. Olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ àti bàbá àgbà náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lè rò pé bí ìje ojú títì ti rí láti ìpilẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń darí eré sísá kò yé ṣòfin nípa ẹni tí kò gbọdọ̀ bá wọn sá. Ìje ìbílẹ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ ààbọ̀ ọ̀nà, ló fọ́ ọgbà náà, ìtàn etí odò Tyne sì jẹ́ ẹ̀rí tó dájú. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n, nítorí ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìje ojú títì, a sì ń ṣe é bí ẹni pé àwọn tó yára jù lọ nìkan ló ni ín.

Àwọn ará etí odò Tyne ti mọ eré sísá dunjú tipẹ́tipẹ́. Láàárín ọ̀rúndún 19, àwọn tó ń wa èédú, àwọn tó ń rọ irin àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ òkun a máa sáré fún owó, èrò a sì pé jọ láti ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí. Gateshead, ìlú tó wà ní òdì kejì odò sí Newcastle, ni Jack White ti wá, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Gateshead Clipper. Lọ́dún 1863, nínú ìje kan tí òun àti Deerfoot, ọmọ ẹ̀yà Seneca láti Amẹ́ríkà, jọ sá ní London, White sá máìlì 10 ní ìṣẹ́jú 52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 14. Ó tó nǹkan bí 20 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó sá a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́lá ń ṣọgbà yí eré sísá ká. Ẹgbẹ́ Amateur Athletic Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1866, fi sínú òfin rẹ̀ pé àwọn kò gba oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe mọ́ra. Nígbà tí Amateur Athletic Association rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1880, wọ́n yọ gbólóhùn yẹn kúrò, wọ́n sì di òmíràn mú: ẹni tó bá gba owó lórí eré sísá ti yọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ àti owó lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ láìmọ̀ pé òfin kan wà. Ẹni tó ń wọ kòtò èédú láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí owó ìje kan lè san owó ilé rẹ̀, kò lè pa á mọ́. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kò yá. Òfin ló lé e sẹ́yìn.

Èyí tí wọ́n fi ṣe obìnrin tún le ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1928, nínú ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Amsterdam, wọ́n gba obìnrin láyè láti sá 800 mítà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn eré, bí ọkùnrin náà ṣe máa ń ṣe, ni àwọn aláṣẹ ti pariwo pé eré náà ti pọ̀ jù fún ara obìnrin. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sì padà sínú Òlíńpíìkì títí di ọdún 1960. Nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, Roberta Gibb ní láti fara pamọ́ sínú igbó lọ́dún 1966 kó tó rọra bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kathrine Switzer wọ nọ́mbà 261, ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ìje náà sì fò sójú títì láti já nọ́mbà yẹn kúrò lára rẹ̀. Ọdún 1984 ni Òlíńpíìkì tó fún obìnrin ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tirẹ̀, tí Joan Benoit sì gbégbá orókè ní Los Angeles. Kí òǹkàwé fi ọdún yẹn sọ́kàn: láti 1981 ni obìnrin ti ń sáré ní gbangba láti Newcastle lọ sí South Shields. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìje ìbílẹ̀ fi ṣíwájú ìdíje tó tóbi jù lọ láyé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ààbọ̀ ọ̀nà ni? Odindi eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní ìtàn akọni àti ọba lẹ́yìn rẹ̀. Spyridon Louis, apọnmi ará Gíríìsì, ló gba ipò kìíní ní Athens lọ́dún 1896, nígbà tí ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 40. Ní London lọ́dún 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ààfin Windsor, wọ́n sì parí rẹ̀ níwájú ìjókòó ọba nínú pápá ìṣeré. Ibẹ̀ ni kìlómítà 42 àti mítà 195 ti wá, èyí tí àjọ eré sísá àgbáyé sọ di òfin lọ́dún 1921. Ààbọ̀ rẹ̀ kò ní ọba, kò ní akọni. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ń sá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìka òdiwọ̀n kan sí pàtàkì. Ọ̀kan tó lókìkí ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìje Morpeth sí Newcastle, tí wọ́n máa ń sá tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, tí gígùn rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ààbọ̀ lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti dánra wò dáadáa ló ń sá a, ará ìlú sì ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà láti wò wọ́n. Ọ̀nà ti wà, ìfẹ́ eré ti wà. Ohun tó kù ni kí àwọn tó ń wòran bọ́ sójú títì.

Brendan Foster ló mú un ṣẹ. Hebburn, létí odò Tyne, ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún 1974, ó sá 3,000 mítà ní pápá Gateshead yá ju bí ẹnikẹ́ni ti sá a rí lọ nígbà náà. Nígbà tí Òlíńpíìkì wáyé ní Montreal lọ́dún 1976, òun nìkan ni eléré ilẹ̀ Britain tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú eré orí pápá, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú ìje 10,000 mítà. Ó sì ti bá ìjọba ìbílẹ̀ Gateshead ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó eré ìdárayá, nítorí náà ó mọ ará ìlú, kì í ṣe àwọn eléré nìkan. Lọ́dún 1979, nígbà tó wà ní Auckland ní New Zealand, ó bá wọn sá Round the Bays, ìje tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú ń sá fún ayọ̀ àti ìlera. Irú rẹ̀ ló gbé wá sílé. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 1981, nǹkan bí 12,000 ènìyàn sáré láti Newcastle dé South Shields. Mike McLeod, ọmọ ẹgbẹ́ Elswick Harriers ní Newcastle níbẹ̀, ló ṣíwájú. Kevin Keegan, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù, wà nínú èrò pẹ̀lú àwọn tí kò ní orúkọ kankan láwùjọ.

Àsìkò tí èyí ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àsìkò ìdẹ̀ra. Ilé iṣẹ́ irin Consett, tí kò jìnnà síbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá wọlé lọ́dún 1980, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ fi padà sílé láìní iṣẹ́. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ń rọlẹ̀, kòtò èédú ń tì. Ọ̀nà ìje náà sì gba ẹ̀gbẹ́ Jarrow kọjá, ìlú tí nǹkan bí 200 ọkùnrin ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí London lọ́dún 1936, ìrìn tó sún mọ́ 300 máìlì, láti tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba lẹ́yìn tí ọgbà Palmer tó ń kan ọkọ̀ òkun ti kógbá wọlé. Ìje ọdún 1981 kì í ṣe ìwọ́de, kò sì dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n agbègbè tí ìròyìn rẹ̀ kò ju ti ilé iṣẹ́ tó ń kógbá wọlé lọ ní ohun kan tó lè fi yangàn lójú gbogbo orílẹ̀-èdè, ohun náà kò sì béèrè owó ńlá tàbí ìwé ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ méjì àti ìpinnu ló béèrè.

Ara ènìyàn pàápàá jẹ́rìí pé òdiwọ̀n náà bá a mu. Súgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ ń fi pamọ́ ni a fi ń sáré jù, kì í sì í tó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá nǹkan bí kìlómítà 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ á wúwo bí òjé, ojú á ṣú, ẹni tí kò dánra wò tó á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Kìlómítà 21 parí kí àpò yẹn tó gbẹ. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn lè déédéé dìde lọ sá láìmúra. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó sì ń tọ́mọ, lè fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ kọ́ra fún oṣù díẹ̀ kó sì sá a parí. Odindi eré náà ń béèrè òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì ń fi ìrora sílẹ̀ sára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìje kìlómítà márùn-ún, ní tirẹ̀, lè parí láìjẹ́ pé ènìyàn yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà rárá. Ààbọ̀ ọ̀nà le tó láti jẹ́ ohun ìyangàn, ó sì rọ̀ tó láti bá iṣẹ́ òòjọ́ gbé. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe èèṣì ni pé òun ló kó ará ìlú jáde.

Bí ọ̀nà Great North Run ṣe rí lọ́jọ́ ìje tún fi hàn bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń kó ẹrù àwọn sárésáré ṣíwájú lọ sí South Shields, nítorí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń parí sí. Nínú ihò abẹ́ títì tí wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé orí afárá, èrò á pariwo "Oggy, oggy, oggy!", èrò mìíràn á dáhùn. Lẹ́yìn Gateshead, àwọn onílé á ti dúró síwájú ilé wọn. Àwọn kan gé ọsàn sínú àwo, àwọn kan mú àìsìkirímù onígi dání fún àlejò tí wọn kò mọ̀ rí, àwọn mìíràn sì ń fi rọ́bà omi wọ́n àwọn tí oòrùn ń pa. Òkè gígùn kan wà ní títì John Reid tó ń tánni lókun nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sọ̀ lójijì sí etí òkun ní Marsden, tí máìlì kan péré á sì kù lẹ́bàá omi. Pápá ìṣeré ní ògiri àti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó. Títì kò ní. Ẹni tó gé ọsàn wà nínú ìje náà bíi ti ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan á sọ pé ìje wà láti mọ ẹni tó yára jù, pé èrò tó ń rìn tó ń sáré ló sọ eré di yẹpẹrẹ. Àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ sárésáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ráhùn tipẹ́ pé àwọn ọmọ wọn tó yára gan-an dín kù lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 1990. Òótọ́ ni pé wọ́n dín kù, ṣùgbọ́n èrò kọ́ ló fà á. Àwọn ọdún tí èrò kọ́kọ́ ya sójú títì gan-an ni àwọn ọmọ Britain yára jù. Lọ́dún 1984, Charlie Spedding, ọmọ ẹgbẹ́ Gateshead Harriers, gba ipò kìíní nínú London Marathon, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú Òlíńpíìkì ọdún yẹn kan náà. Mike McLeod gba ti fàdákà nínú ìje 10,000 mítà níbẹ̀. Láti agbègbè kan náà ni èrò àti ògbóǹtarìgì ti jọ jáde. Lọ́dún 1992 pàápàá, nígbà tí àjọ àgbáyé fẹ́ ṣe ìdíje ààbọ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, ojú ọ̀nà Newcastle sí South Shields yìí ni wọ́n gbé e lọ. Benson Masya ọmọ Kẹ́ńyà àti Liz McColgan ọmọ Scotland ló borí. Àwọn ògbóǹtarìgì sárésáré bíi Haile Gebrselassie, Kenenisa Bekele àti Mo Farah ti sá níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò gbà kí wọ́n ka àkókò tí wọ́n bá sá níbẹ̀ sí èyí tó yá jù lágbàáyé, torí pé ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí jìnnà síra jù. Wọn kò tìtorí ìyẹn yí ọ̀nà padà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ìje kan náà lè fi aṣíwájú hàn, kó sì gba ẹni ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni ti ikú. Lọ́dún 2005, ọkùnrin mẹ́rin ló kú nínú Great North Run kan ṣoṣo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn eré sísá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á wo gbogbo ìṣirò. Àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 10.9 ènìyàn wò, tí wọ́n sá odindi tàbí ààbọ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin láàárín ọdún 2000 sí 2010, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Ọkàn ènìyàn 59 ló dáṣẹ́ sílẹ̀, 42 nínú wọn sì kú. Ewu náà nínú ààbọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti odindi lọ. Ohun tí ìyẹn ń kọ́ wa ni pé kí á mú ààbọ̀, kí dókítà àti ọkọ̀ aláìsàn wà lójú ọ̀nà, kí ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí ibà ń ṣe sì dúró sílé. Kò kọ́ wa pé kí á ti títì.

Àwọn mìíràn á sọ pé òṣìṣẹ́ tí mo ń sọ nípa rẹ̀ kò rí àyè mọ́: owó ìforúkọsílẹ̀ ti gun òkè, àwọn onígbọ̀wọ́ ti gba ojú aṣọ, kèké ni wọ́n sì ń ṣẹ́ kí ènìyàn tó wọlé. Mi ò jiyàn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi òfin tì tẹ́lẹ̀, owó lè tún un tì. Ṣùgbọ́n ibi tí ìje ńlá bá ti gbówó lé orí, ìje kéékèèké ló máa ń dá a padà sọ́wọ́ ará ìlú. Parkrun bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà Bushy ní London lọ́dún 2004 pẹ̀lú sárésáré 13 péré. Kìlómítà márùn-ún ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwòsàn ìje tó ti di ọjà ni kí á ní púpọ̀ sí i tí kì í ṣe ọjà.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ti wa níbẹ̀. Ní ìlú wa, ẹsẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú kí ọkọ̀ tó dé, àwọn ìlàrí Aláàfin sì máa ń jíṣẹ́ ọba lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ti Yorùbá. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kejì, ọdún 2016, ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀ ìje tirẹ̀ láti pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè lọ sí Eko Atlantic. Abraham Kiptum ọmọ Kẹ́ńyà ló ṣíwájú. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí ìje ojú títì bá wáyé, ìbéèrè tí à ń gbọ́ ni pé kí ló dé tí ọmọ Kẹ́ńyà àti Ethiopia fi ń gba owó wa lọ. Ìtàn Newcastle fi hàn pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ: àwọn ará àdúgbò mélòó ló sá a, àwọn obìnrin mélòó, àwọn tí kò sáré rí láyé wọn mélòó?

Mo rọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Iléṣà àti Ìlọrin pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìje kìlómítà 21 tiwọn. Kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nítorí ooru wa kì í ṣe ti South Shields. Kí omi pọ̀ lójú ọ̀nà ju pátákó onígbọ̀wọ́ lọ. Kí owó ìforúkọsílẹ̀ má ju ohun tí alágbàṣe lè san, kí wọ́n sì dín owó ẹ̀bùn ẹni àkọ́kọ́ kù láti fi sanwó fún dókítà àti ọkọ̀ aláìsàn. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má ṣe ṣí títì padà fún ọkọ̀ títí ẹni ìkẹyìn á fi dé, nítorí òun gan-an ni wọ́n ń ṣe é fún.